Ilẹ̀ Tí Omi Òkun Bò Kò Kú: Ẹ Má Tíì Tà Á

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Òkìtìpupa. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ní kí a tẹ̀ ẹ́ jáde.)

 

Ní ìpàdé tó kọjá, arákùnrin wa kan dìde. Ó ní omi òkun ti bo ilẹ̀ tí bàbá òun fi sílẹ̀ lẹ́bàá odò, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ti kú. Ó ní ẹnì kan ti fẹ́ san owó díẹ̀ fún un, òun yóò gbà á, òun yóò fi ra ọ̀kadà. Púpọ̀ nínú wa ní kò burú. Mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa lóru. Èmi náà ti fẹ́ ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ Alága pé kí wọ́n fún mi láyè lónìí.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló kan òṣìṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ oko. Ó kàn wá púpọ̀. Owó oṣù wa kì í rí ogúnjọ́ oṣù, púpurú tí a ń jẹ parí oṣù, láti oko ló ti wá. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń ná Ọ̀rẹ̀ sí Igbókòdá, ẹrù àgbẹ̀ ni ẹ ń gbé lọ, ẹja apẹja ni ẹ ń gbé bọ̀. Bí oko bá kú, mọ́tò yóò dúró ní gáréèjì. Àti pé lọ́jọ́ tí a bá fẹ̀yìn tì, ilé iṣẹ́ yóò gba aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ilẹ̀ ni yóò kù.

Òótọ́ ni pé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa níhìn-ín ga ju etíkun lọ. Àwọn ará wa ní Ìlàjẹ ni omi ń kọ́kọ́ bá. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò ní ìyá, ìyàwó tàbí àna níbẹ̀? Ẹ wo Ayétòrò. Ní 1947 ni wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n sì jùmọ̀ ń ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Ní 2004, àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde fún wọn, ṣùgbọ́n ìdènà tí wọ́n ń retí kò dúró níbẹ̀, omi sì ń wọlé.

Ní agbègbè Àwóyè, ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà omi kan ní Opuekeba nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì. Ọ̀nà náà ló ṣílẹ̀kùn fún omi òkun wọ inú irà olómi dídùn. Igi kú lórí ìdúró, omi mímu bàjẹ́, àgbẹ̀ kò rí ilẹ̀ gbin nǹkan sí mọ́. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìyá mi jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, ilẹ̀ tí wọ́n fún un wà lẹ́yìn Igbókòdá. Ní ọdún kan, omi òkun gun odò wá, ó bo ilẹ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan. Bí omi ṣe fà, mo gba líìfù, mo kó owó bónọ́ọ̀sì mi, mo ra ajílẹ̀ òyìnbó àpò mẹ́ta, mo gbin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ náà hù. Kò pẹ́, etí ewé rẹ̀ pọ́n bí ohun tí iná rà, ó sì kú. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ òùngbẹ ló pa á. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n ti ń pẹja láti kékeré, wo oko náà títí. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, iyọ̀ lo tún ń bù sórí iyọ̀.” Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó mọ̀ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Irú iyọ̀ kan ni ajílẹ̀ òyìnbó pẹ̀lú. Ó ń fún ọ̀gbìn lóúnjẹ lórí ilẹ̀ tó dára, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ tí omi òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, ẹrù ló ń dì kún ẹrù. Àpò mẹ́ta gbáà ni mo fi sọnù.

Kí ni iyọ̀ ń ṣe? Ẹ wo obìnrin tó ń fi iyọ̀ sí ẹja. Kò pẹ́ tí omi yóò fi máa ro jáde lára ẹja náà, nítorí iyọ̀ ń fa omi. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe nínú ilẹ̀. Ó di omi mú, gbòǹgbò kò rí i fà. Omi òkun lítà kan ní iyọ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 35 nínú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí bọ́ílà mọ ìyókù. Bí omi bá ń di èéfín lọ, ohun tó wà nínú omi kì í bá a lọ, ìsàlẹ̀ ló ń jókòó sí. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ bọ́ílà láti dà á nù. Bí a kò bá ṣe é, bọ́ílà yóò bàjẹ́. Ilẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn ń gbé omi lọ, iyọ̀ ń kù sókè, ẹ ó rí i funfun lórí ilẹ̀ nígbà ẹ̀rùn. Oòrùn kò lè gbé iyọ̀ lọ láéláé. Omi dídùn nìkan ló lè fọ̀ ọ́, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà bá jáde.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí, wọ́n sì ní ètò.

Èkíní, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ mọ ògiri amọ̀ sí etí oko níhà odò, kí ó ga ju ibi tí omi dé lọ. Ẹ fi ẹnu kan sílẹ̀ tí ẹ lè ṣí kí omi òjò jáde, tí ẹ sì lè dí nígbà tí omi òkun bá ń gun. Ẹ má gé igi ẹ̀gbà tó wà níwájú ògiri náà, òun ló ń gba ìgbì sára. Ẹni tó bá ń fọ ilẹ̀ láìti ilẹ̀kùn, agbọ̀n ló fi ń pọn omi.

Èkejì, ẹ fọ̀ ọ́. Ọlọ́run fún wa lómi. Òjò tó ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa tó nǹkan bí mìlímítà 2,000 lọ́dún. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní bí omi dídùn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan bá gba inú ilẹ̀ tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá, yóò kó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ìdá márùn-ún iyọ̀ rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ oníyanrìn lè mọ́ láàárín àsìkò òjò kan. Ẹ gbẹ́ gọ́tà yí oko ká, kí omi tó bá sọ̀ kalẹ̀ lè jáde. Ẹ fi koríko gbígbẹ àti ìdì ẹyìn tí a ti gbọn èso rẹ̀ bo ilẹ̀, kí oòrùn má bàa tún fa iyọ̀ sókè.

Ilẹ̀ amọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iyọ̀ òkun máa ń tú amọ̀ ká. Bí ó bá tutù, ó dà bí ẹ̀kọ, bí ó bá gbẹ, ó dì bí sìmẹ́ńtì, òjò kò sì ní ráyè wọlé. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá tutù. Ohun tó ń tún un ṣe ni jípúsọ̀mù, òkúta funfun tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Nígbà tí òkun ya wọ ilẹ̀ Họ́láńdì ní oṣù kejì 1953, tó pa ènìyàn 1,836, jípúsọ̀mù wà lára ohun tí wọ́n fi gba oko wọn padà. Ṣùgbọ́n ẹ má rà á kí wọ́n tó yẹ ilẹ̀ yín wò.

Ìkìlọ̀ kan wà fún ẹni tó ní ilẹ̀ irà dúdú tó ń rùn bí ẹyin òbu. Ẹ má fa omi rẹ̀ gbẹ pátápátá. Bí atẹ́gùn bá wọ inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ásíìdì ni yóò máa mú jáde, irú èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò gan-an. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ohun tí omi bátìrì ń ṣe sí aṣọ. Àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní Guinea-Bissau mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń mọ ògiri yí irà ká, wọ́n ń jẹ́ kí òjò fọ iyọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gbin ìrẹsì sí i láìjẹ́ kí ó gbẹ. Iṣẹ́ tí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ dán an wò kí ẹ tó gbin. Ẹ bu ilẹ̀ náà sínú agolo mílíìkì mẹ́ta, ẹ bu ilẹ̀ tó dára sínú mẹ́ta mìíràn, ẹ gbin àgbàdo sí gbogbo rẹ̀, ẹ fi omi dídùn rin ín. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Ẹni tó bá lágbára, kí ó gbé ilẹ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́. Wọn yóò kọ nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní EC. Bí ó bá ju 4 lọ, ilẹ̀ oníyọ̀ ni. Ata ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà ní 1.5, àgbàdo ní 1.7, tòmátì ní 2.5, ìrẹsì ní 3. Ẹ̀wà wa lè fara dà á dé nǹkan bí 4.9, ṣùgbọ́n kò fẹ́ omi tó dúró ní ìdí rẹ̀. Àgbọn lágbára ju gbogbo wọn lọ. Nítorí náà, àgbọn sí etí ògiri, ẹ̀wà sí orí ebè, kí ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ata dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Omi là á tẹ̀ ká tó tẹ iyanrìn.

Lórí ilẹ̀ ìyá mi, odindi òjò ọdún kan ni a fi fọ̀ ọ́ láìgbin ohunkóhun. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín wa. Ní ọdún kejì, a jẹ ẹ̀wà níbẹ̀. Ní ọdún kẹta, ẹ̀gẹ́ ta. Ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi ní owó ọ̀pọ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun méjì ni mo fẹ́ kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí. Èkíní, kí ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa yá ọmọ ẹgbẹ́ tí omi bo ilẹ̀ rẹ̀ lówó fún ògiri àti gọ́tà ní ọdún àkọ́kọ́, kí owó irúgbìn tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Kò gbọdọ̀ sí owó ajílẹ̀ òyìnbó ṣáájú ìyẹn. Èkejì, kí Akọ̀wé kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ àti sí ìjọba ìpínlẹ̀ lórúkọ ẹ̀ka yìí. Ọkọ́ ọwọ́ wa lè mọ ògiri oko, ṣùgbọ́n ìdènà òkun àti dídí ọ̀nà omi tí ẹlòmíràn gbẹ́, iṣẹ́ ìjọba àti ti ẹni tó gbẹ́ ẹ ni. Bí a ṣe ń fi ohùn kan béèrè owó ofatáìmù, ẹ jẹ́ kí a fi ohùn kan náà béèrè èyí.

Sí arákùnrin wa tó fẹ́ ta ilẹ̀: ọ̀kadà yóò gbó láàárín ọdún mélòó kan. Dúró de òjò méjì. Ní Sátidé tó ń bọ̀, èmi àti ẹni mẹ́rin ti múra láti bá ọ mọ ògiri náà. Kí ìwọ ṣáà ti pèsè oúnjẹ.

Ìrẹ́pọ̀ òṣìṣẹ́ lagbára wa.