Àwọn Purotéènì Tí Ń Di Ara Wọn Mú: Bí Yàrá Àyẹ̀wò Ṣe Ń Mọ̀ Wọ́n

Ọ̀rọ̀ tí a fún mi láti bá yín sọ ni ti ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà mọ bí àwọn purotéènì inú ara ṣe ń bá ara wọn lò. Ó lè dàbí ọ̀rọ̀ àwọn ará yunifásítì nìkan, ṣùgbọ́n ó kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí wọ́n ti sin ọmọ ní Muṣin, ní Sùúrùlérè, ní Yábàá, àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Bí a bá dárúkọ purotéènì, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ara wa a máa tú ti inú oúnjẹ wọ̀nyí palẹ̀, a sì tún wọn tò gẹ́gẹ́ bí a ti ń sín ìlẹ̀kẹ̀, títí yóò fi ní àìmọye purotéènì tirẹ̀, tí olúkúlùkù ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Díẹ̀ ni ó ń dá ṣiṣẹ́ nínú wọn. Èkínní a máa di èkejì mú, wọn a ṣe iṣẹ́ wọn, wọn a sì tú ká. Níbi tí èyí tí kò yẹ kí ó di ẹnìkejì rẹ̀ mú bá ti dì í mú, àìsàn dé.

Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí ó sún mọ́ wa jù lọ. Purotéènì tí ó ń pọn ẹ̀jẹ̀ wa ní pupa ni hẹmoglóbíìnì, òun ni ó sì ń ru afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin ni ó para pọ̀ di ọ̀kan: méjì ní ìlẹ̀kẹ̀ 141, méjì ní 146. Nínú àwọn tí wọ́n ní àrùn tí àwọn baba wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀, ìkẹfà lórí okùn tí ó gùn jù. Nígbà tí irú hẹmoglóbíìnì yìí bá ti sọ ọ́síjìn rẹ̀ kalẹ̀, ihò kékeré kan a là ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ òdì tí ó wà lára ẹnìkejì rẹ̀ a sì bọ́ sí ihò náà pẹ́kípẹ́kí. Èyí di tọ̀hún mú, tọ̀hún di òmíràn mú, títí tí wọn yóò fi lọ́ pọ̀ di okùn líle tí ó ní fọ́nrán 14. Ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó yẹ kí ó rí roboto a tẹ̀ bí dòjé. Yóò há sínú iṣan tẹ́ẹ́rẹ́, ibẹ̀ sì ni ìrora eegun ti ń bẹ̀rẹ̀.

Dókítà James Herrick ti Chicago ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ bí dòjé yìí ní 1910, lẹ́yìn tí ó fi maikiroskóòpù wo ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Grenada. Ní tiwa, ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń rí i. Àbíkú ni a pe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. A sọ wọ́n ní Málọmọ́, a sọ wọ́n ní Dúrójayé, a sì fi abẹ kọ wọ́n lára. Èmi kò sọ pé gbogbo àbíkú ni ó ní ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ibà àti ìgbóná náà pa ọmọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò nígbà náà.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé purotéènì ni ọ̀ràn náà wà? Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà da iná mànàmáná sínú omi tí hẹmoglóbíìnì wà nínú rẹ̀. Ti aláìsàn kò rìn bí ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ti àwọn tí wọ́n jẹ́ AS sì fi hàn pé irú méjèèjì ni ó wà lára wọn. Ní 1956, Vernon Ingram ní Cambridge gé hẹmoglóbíìnì méjèèjì sí wẹ́wẹ́, ó tẹ́ wọn sórí bébà, ó sì rí i pé ẹyọ kan ṣoṣo ni kò bá ara mu. Max Perutz, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1962, fi ìtànṣán X-ray mọ bí hẹmoglóbíìnì ṣe rí. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn tí ó tẹ̀lé e gbà rí bí èyí tí ó ṣòdì ṣe ń di ara rẹ̀ mú.

Gbogbo ìyẹn rọrùn díẹ̀, nítorí pé wọ́n ti mọ purotéènì tí wọ́n ń wá. Bí a kò bá mọ ẹni tí ó ń di ẹnì kan mú ńkọ́? Inú ẹ̀yà ara tí ó kéré jù lọ kún ju ọjà Oyíǹgbò lọ. Níhìn-ín, àwọn onímọ̀ ń ṣe bí apẹja Màkókò. Wọn a mú èròjà agbóguntàrùn tí kì í gbá ohun mìíràn mú àyàfi purotéènì kan pàtó, wọn a dè é mọ́ hóró kékeré, wọn a sì jù ú sínú omi ẹ̀yà ara tí wọ́n ti gún. Bí wọ́n bá fà á jáde, tí wọ́n fọ̀ ọ́, ohun tí kò bá ṣàn lọ ni ọ̀rẹ́ purotéènì náà. Ọ̀nà mìíràn wà tí Stanley Fields àti Ok-kyu Song gbé jáde ní 1989, ìwúkàrà tí a fi ń yan búrẹ́dì ni wọ́n sì fi ṣe é. Wọ́n gé purotéènì kan tí ó ń ṣí iṣẹ́ sílẹ̀ nínú ìwúkàrà sí méjì. Wọ́n so ìjẹ mọ́ apá kan, wọ́n so ẹja mọ́ apá kejì. Bí ìjẹ àti ẹja bá di ara wọn mú, apá méjèèjì pàdé, ìwúkàrà náà a sì pa àwọ̀ dà di búlúù. Ọ̀nà yìí a máa purọ́ nígbà mìíràn, nítorí náà kò sí ọlọ́gbọ́n onímọ̀ tí yóò gba ẹ̀rí rẹ̀ láìfi ọ̀nà kejì yẹ̀ ẹ́ wò.

Irú ẹja pípa bẹ́ẹ̀ ti bí èso nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yìí. Ọmọ tuntun a máa ní hẹmoglóbíìnì mìíràn tí kì í wọ inú okùn líle náà. Ìdí nìyí tí ara ọmọ alárùn fi máa ń le ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìbí ni purotéènì kan tí ń jẹ́ BCL11A ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Boston rí i pé òun ni ó ń tì í, wọ́n sì fa àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ jáde pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ó di 2023, Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí ó ń gé ohun tí ń tan BCL11A nínú mùdùnmúdùn eegun aláìsàn. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Ta ni yóò san án ní Muṣin?

Nítorí náà, àyẹ̀wò kí a tó gbéyàwó ni ó wà níkàáwọ́ wa. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, bí ẹnì kan ni ó jẹ́ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ jẹ́ SS. Ẹ lè ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ńlá LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí ní ilé Sickle Cell Foundation tí ó wà ní àdúgbò kan náà.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Àyẹ̀wò kan wà tí ó yá, tí owó rẹ̀ kò pọ̀: wọn a kán ẹ̀jẹ̀ sínú oògùn, wọn a wò ó bóyá ó dú. Dídìmọ́ra tí mo ti sọ ni ó ń mú un dú. Ṣùgbọ́n ti AS a dú, ti SS náà a dú, ti ọmọ ọwọ́ tí ó ní àrùn sì lè má dú rárá. Ẹ béèrè fún ti oníná mànàmáná, èyí tí ó ń ya A sọ́tọ̀ kúrò lára S. Ẹni tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láàrin oṣù mẹ́rin, kí ó sọ fún òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó gba tirẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni ó lè jẹ́rìí. Bí ìwé àyẹ̀wò méjì kò bá bá ara mu, ẹ mú méjèèjì lọ́wọ́ lọ ṣe ẹ̀kẹta níbòmíràn kí ẹ tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́.