Ẹ̀DÀ TÍ KÒ DÚRÓ DE ÌRÁNTÍ WA
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

 

Ọ̀rọ̀ wa kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo wa. Lóde òní, inú kọ̀ǹpútà ni ìwé owó ẹgbẹ́ wà. Níbẹ̀ ni orúkọ àwọn ọmọ tí a ń ràn lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wà, níbẹ̀ náà sì ni àwòrán àwọn àgbà wa tí wọ́n ti lọ wà. Bí kọ̀ǹpútà náà bá bàjẹ́ lóru òní, kí ni a ó fi han àwọn ọmọ wa? Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í jẹ iṣu rẹ̀ tán. A máa ya èbù sọ́tọ̀. Ẹ̀dà ni èbù ìwé.

Ojú wa ti rí i rí. Ní ilé-ìwé kan tí a ti ṣe olùkọ́, inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni èsì ìdánwò gbogbo wà. A pinnu pé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni a ó máa da á kọ sínú fláàṣì. A ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kìíní, a ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kejì; nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ wá lọ́rùn, a gbàgbé. Ní ọjọ́ kan, iná mọ̀nàmọ́ná dé pẹ̀lú agbára tí ó pọ̀ jù, kọ̀ǹpútà sì jó. Nígbà tí a ṣí fláàṣì, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ. Ọmọbìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde wá béèrè èsì rẹ̀ kí ó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. A kò rí nǹkan kan fún un. Ojú tì wá gidigidi.

Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ṣe ẹ̀dà ni ó dára. Kò sì le. Kọ̀ǹpútà Apple ti ní Time Machine láti ọdún 2007. Ti Windows ti ní File History láti ọdún 2012. Ẹ ra háàdì dísìkì kan, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ tan ètò náà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò máa ṣe ẹ̀dà ní wákàtí-wákàtí, yóò sì pa ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Bí a bá ba ìwé kan jẹ́ lónìí, a lè mú ti àná.

Ṣùgbọ́n olè lè kó kọ̀ǹpútà àti dísìkì lọ pọ̀, nítorí náà ẹ̀dà kejì gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn. Ẹ má sì ṣe rò pé Google Drive nìkan ti tó. Fáìlì tí a bá pa rẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ 30 péré ni yóò lò nínú àpótí ìdọ̀tí.

Ní ọdún 1998, ní ilé-iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà, àṣìṣe kan pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú fíìmù Toy Story 2 rẹ́. Wọ́n sáré lọ síbi ẹ̀dà, wọ́n bá a pé kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Kò sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀dà tí ó wà nílé Galyn Susman, ìyá ọmọ tuntun tí ó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, ni ó gbà wọ́n là.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ ra dísìkì kan lọ́dún yìí, kí ẹ̀ka wa kan lẹ́yìn odi máa pa ẹ̀dà kejì mọ́, kí akọ̀wé sì máa ṣí fáìlì kan láti inú ẹ̀dà níwájú wa ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

 Kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú.