Igbe Kọ́ Ni Ẹjọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí wọ́n bá lé ọ̀kan nínú wa, a máa ń ké pé, "Ìrẹ́jẹ ni!" Igbe kì í dá ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè nǹkan mẹ́ta: Kí ni òfin wí? Kí ni ó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ dà? Ǹjẹ́ méjèèjì bára mu?

Òfin Iṣẹ́ ti 1974, abala 11, wí pé òṣìṣẹ́ tí ó ti lo ọdún 5 yóò gba nótíìsì oṣù 1, bí kò bá ṣẹ̀. Ká ní awakọ̀ kan lo ọdún 6, kò ṣẹ̀, wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ 1: òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé tí wọ́n fi gbà á bá ti sọnù, kí ni a ó fi hàn? Ẹ tọ́jú ìwé yín.