Eegun Tí Eyín Dúró Lé

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí eyín àtọwọ́dá tí à ń rì mọ́ àgbọ̀n. N ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n orí eegun ni n ó dúró lé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù láìmọ̀.

Nítorí eyín ni eegun tó di eyín mú ṣe wà. Bí eyín bá ti kúrò, iṣẹ́ eegun náà tán, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un kúrò díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n yọ eyín ẹ̀yìn, nǹkan bí ìdajì ìbú eegun ibẹ̀ lè ti lọ, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù. Níwájú lókè, eegun tó wà láàárín eyín àti ètè fẹ́lẹ́ gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò nípọn tó mílímítà 1. Ẹ wo ojú arúgbó tó ti káyín, bí ètè ṣe wọnú, tí àgbọ̀n sì ń sún mọ́ imú. Ẹ má rò pé ọjọ́ orí nìkan ló fà á. Eegun ló ti lọ.

Eegun yìí kan náà ni eyín àtọwọ́dá gbára lé. Ní 1952, Per-Ingvar Brånemark, onímọ̀ ará Sweden, ń wádìí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú eegun ehoro. Nígbà tó fẹ́ yọ ohun èlò onírin titanium tó fi sínú ẹsẹ̀ ẹran náà, kò yọ mọ́. Eegun ti gbà á mọ́ra. Ní 1965, ó rì titanium mọ́ àgbọ̀n aláìsàn rẹ̀ kan, Gösta Larsson, ní Gothenburg, wọ́n sì gbé eyín lé e. Larsson fi eyín yẹn jẹun títí tó fi kú ní 2006.

Titanium kò lè dúró lórí òfo. Èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 4 ń fẹ́ eegun tó fẹ̀ tó bíi mílímítà 6, kí díẹ̀ lè yí i ká. Níbi tí eegun kò bá tó bẹ́ẹ̀, àfi kí dókítà kọ́kọ́ mọ òmíràn lé e.

Níbo ni yóò ti rí i? Ó lè bù ú lára aláìsàn fúnra rẹ̀, ní àgbọ̀n tàbí ìbàdí. Ó lè jẹ́ ti olóògbé tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, tàbí ti màlúù tí wọ́n ti wẹ̀ débi pé èròjà líle inú rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù, tàbí èyí tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́. Ẹ fetí sí èyí: hóró wẹ́wẹ́ tí wọ́n sábà máa ń fi wọ́n ṣe kì í di eegun fúnra wọn. Igi tí a rì fún ìtàkùn iṣu ni wọ́n jẹ́. Ara ẹni ló ní iṣu. Ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì ló ń gùn wọ́n, tó ń mọ eegun tuntun. Nítorí pé ẹran ẹnu ń yára hù ju eegun lọ, dókítà á fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ibẹ̀, kí ẹran má bàa gba àyè eegun. Lára àwọn awọ náà, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti mú òmíràn. Mùsùlùmí tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí fún ní ẹ̀tọ́ láti béèrè, dókítà sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún un.

Àwọn tó ń to eegun nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé eegun tí kò bá sinmi kì í jinná. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹnu. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà la sábà máa ń dúró, nígbà mìíràn ó tó mẹ́sàn-án lókè lẹ́yìn, lábẹ́ ihò inú eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń mu sìgá, tàbí tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò wà ní ìkáwọ́, ń fi iṣẹ́ náà wewu.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí eegun àgbọ̀n fi ń lọ ní Nàìjíríà, òun ló sì ń dùn mí jù: kókó tí àwọn dókítà ń pè ní ameloblastoma. Kì í sábà dunni, kì í sì í kánjú; ó lè fi ọ̀pọ̀ ọdún wú nínú àgbọ̀n ọ̀dọ́. Nítorí pé kò dunni, ọ̀pọ̀ kì í dé ilé ìwòsàn títí ojú yóò fi yí padà, tí yóò wá di dandan kí wọ́n gé apá ńlá nínú àgbọ̀n. Hóró wẹ́wẹ́ kò lè dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Eegun ìbàdí ni wọ́n ń bù, tàbí eegun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojúgun pẹ̀lú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n á so mọ́ iṣan ọrùn. David Hidalgo ní Amẹ́ríkà ló ṣàlàyé lílo eegun tẹ́ẹ́rẹ́ yìí fún àgbọ̀n ní 1989. Aláìsàn á ṣì máa rìn, nítorí ojúgun gan-an ló ń gbé ìwúwo ara, wọ́n sì lè padà gbin eyín sórí eegun tuntun náà.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Bí ohun kan bá wú ní àgbọ̀n ọmọ yín, bí kò tilẹ̀ dùn ún, ẹ gbé e lọ fún dókítà eyín. Bí dókítà bá ní kí wọ́n yọ eyín yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ṣeé tọ́jú. Bí yíyọ bá di dandan, ẹ béèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí eegun kí wọ́n tó fa eyín náà. Fífi hóró wẹ́wẹ́ dí ihò tí eyín fi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kì í dá gbogbo àdánù dúró, ṣùgbọ́n ó ń dín in kù, ó sì sábà ń rọrùn ju kí a wá mọ eegun tuntun lọ́dún mélòó kan sí i.