Nígbà Tí Agbaṣẹ́ṣe Bá Pa Iṣẹ́ Ilé Tì

Lójú òfin, agbaṣẹ́ṣe tó pa iṣẹ́ ilé tì ni ẹni tó kúrò nílẹ̀ iṣẹ́ láìní èrò àtipadà, tàbí tó fi ìwà rẹ̀ hàn gbangba pé òun kò ní mú àdéhùn ṣẹ mọ́, tí kò sì ní àwíjàre kankan tí òfin lè gbà. Pé iṣẹ́ pẹ́ nìkan kò tó. Òjò lè dá iṣẹ́ dúró, owó sìmẹ́ǹtì lè fò sókè láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bíríkìlà lè ṣàìsàn. Bí àdéhùn bá dá ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí, onílé lè gba owó gbà-má-bínú lórí ìdádúró bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò tíì di ìpatì. Ìṣe ni adájọ́ máa ń wò. Ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ kankan ṣì ń wá síbẹ̀? Ǹjẹ́ irinṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀? Ǹjẹ́ agbaṣẹ́ṣe dáhùn lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i? Bí ilé bá dúró sí lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì fún oṣù méje, tí koríko ti bo iyanrìn, tí ẹni tó gbowó kò sì gbé fóònù mọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìdádúró nìyẹn.

Agbaṣẹ́ṣe náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, ó sì yẹ kí onílé mọ̀ ọ́n kó tó fẹ̀sùn kàn án. Bí àdéhùn bá ní kí onílé san owó ìpele kejì lẹ́yìn ìpìlẹ̀, tí onílé kò san án, kò sí òfin tó fi dandan lé e pé kí agbaṣẹ́ṣe máa fi owó ara rẹ̀ mọlé. Bákan náà ni bí àwọn ọmọ onílẹ̀ bá lé àwọn òṣìṣẹ́ dànù nítorí pé onílé kò tíì parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rẹ̀, tàbí tí ìjọba ti ilẹ̀ iṣẹ́ pa nítorí pé onílé kò gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Nínú irú ọ̀ràn wọ̀nyí, onílé ló kọ́kọ́ yẹ àdéhùn, ẹ̀sùn ìpatì kò sì ní dúró.

Ìbáwí ni ọ̀pọ̀ onílé kọ́kọ́ ń béèrè: kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni náà kó má bàa ṣe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ tó forúkọ ẹni sílẹ̀ nìkan ló lè bá a wí. Òfin ọdún 1989 ló dá CORBON sílẹ̀ fún àwọn kọ́lékọ́lé, òfin ọdún 1970 ló dá COREN sílẹ̀ fún àwọn ẹ́ńjíníà, ARCON sì wà fún àwọn ayàwòrán ilé. Ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́ méjì tó fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn aṣèwádìí ló máa kọ́kọ́ gba ẹ̀sùn, wọn a yẹ ìwé wò, wọn a sì pinnu bóyá ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá wà, wọn a gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́, tó ní agbára láti bá ẹni náà wí lójú gbogbo ayé tàbí kó pàṣẹ pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Ẹni tí wọ́n bá yọ kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní kọ́lékọ́lé tàbí ẹ́ńjíníà mọ́. Ó lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn bí ìdájọ́ náà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìwé ẹ̀sùn tó ní orúkọ, déètì, iye owó àti àwòrán ni àwọn aṣèwádìí lè lò. Ìbínú nìkan kò wúlò fún wọn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi gbogbo ẹ̀rí tí wọ́n ní han ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kí wọ́n sì fún un láyè láti fèsì. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ìdí èyí múlẹ̀ ní 1968 nínú ẹjọ́ Denloye, dókítà tí ìgbìmọ̀ oníṣègùn bá wí láìfi ẹ̀rí tí àwọn aṣèwádìí ti gbà hàn án. Ilé-ẹjọ́ fagi lé ìbáwí náà. Ìlànà yẹn de gbogbo ìgbìmọ̀ ìbáwí ní Nàìjíríà. Onílé tó bá fẹ́ kí ìbáwí dúró kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù pé agbaṣẹ́ṣe yóò rí ìwé òun.

Ohun méjì ló ń ba ọ̀nà yìí jẹ́, èkejì sì dunni ju èkíní lọ. Èkíní ni pé ìgbìmọ̀ ìbáwí kì í dá owó padà. Ìwà ló ń dá lẹ́jọ́. Èkejì ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ ilé fún aráàlú ní ìgboro wa kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ ni wọ́n, tàbí ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n, tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń pe ara wọn ní ẹ́ńjíníà. Ìgbìmọ̀ kò lè yọ orúkọ tí kò sí nínú ìwé rẹ̀. Ó lè fi ẹni tó ń ṣe bí ẹni pé òun forúkọ sílẹ̀ sùn, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni èyí lábẹ́ òfin wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn kò gbé òrùlé lé ilé ẹnikẹ́ni. Kí a wo orúkọ ẹni nínú ìwé CORBON tàbí COREN kí a tó fún un ní kọ́bọ̀ kan ni ibi tí ìbáwí ti ń bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́.

Òfin kan wà tó de agbaṣẹ́ṣe bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kankan, ó sì yani lẹ́nu pé àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Òun ni òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mú ṣẹ. Abala 130 rẹ̀ sọ pé ẹni tó san owó kí wọ́n bá òun ṣiṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ pé kí iṣẹ́ náà parí lásìkò, kí wọ́n tètè sọ fún un bí ìdádúró tí a kò lè yẹ̀ bá wà, kí iṣẹ́ sì dára tó bí ènìyàn ṣe lè retí. Bí èyí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè ní kí wọ́n tún iṣẹ́ ṣe tàbí kí wọ́n dá lára owó rẹ̀ padà gẹ́gẹ́ bí àléébù náà ṣe tó.

Àmọ́ àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà lọ. Abala 32(2) Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé a kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí yíyẹ àdéhùn lásán. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ irú rẹ̀ nípa EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ní 2018, nínú ẹjọ́ Diamond Bank àti Opara: agbára àjọ náà kò dé orí aáwọ̀ àdéhùn láàárín ènìyàn méjì. Onílé tó bá ní kí ọlọ́pàá ti agbaṣẹ́ṣe mọ́lé títí yóò fi dá owó padà lè rí i pé òun gan-an ló padà di olùjẹ́jọ́, pẹ̀lú owó gbà-má-bínú tó máa san fún títẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú.

Ọ̀rọ̀ máa ń di ti ọ̀daràn bí ẹ̀tàn bá ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gba owó pẹ̀lú ìwé àṣẹ ayédèrú, tó purọ́ pé òun ní ilé-iṣẹ́ tí kò sí, tàbí tó ti mọ̀ nígbà tó ń gba owó pé òun kò ní kọ́lé kankan, ti rú òfin jìbìtì ti 2006. Ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ó kéré tán, ọdún 20 ó pọ̀ jù, láìsí àǹfààní owó ìtanràn, ni ìjìyà rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ sì lè pàṣẹ pé kó dá owó padà fún ẹni tó lù ní jìbìtì. Olè jíjà náà lè wọ̀ ọ́ bí onílé bá fún ẹni náà lówó pẹ̀lú àṣẹ pàtó, bíi kó fi ra páànù, tó sì fi í ṣe ìgbéyàwó. Èyí yàtọ̀ sí owó ìpele àdéhùn, tó di ti agbaṣẹ́ṣe nígbà tí wọ́n san án.

Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn ni owó ti sábà máa ń padà wá. Kò wọ́pọ̀ kí adájọ́ fi tipátipá ní kí agbaṣẹ́ṣe wá parí ilé, nítorí ilé-ẹjọ́ kò lè máa ṣọ́ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tò. Ohun tí yóò ṣe ni pé kó ṣírò àdánù. Ká ní àdéhùn jẹ́ mílíọ̀nù náírà 20, tí onílé ti san 12, tí agbaṣẹ́ṣe mìíràn sì ní mílíọ̀nù 13 ni òun yóò fi parí iṣẹ́ náà, àpapọ̀ owó tí ilé yóò gbà jẹ́ mílíọ̀nù 25; mílíọ̀nù 5 tó lé lórí àdéhùn ni àdánù onílé. Ilé-ẹjọ́ yóò wò ó bóyá owó agbaṣẹ́ṣe tuntun náà bọ́gbọ́n mu, kò sì ní gbà kí onílé fi òkúta mábù rọ́pò táìlì kó sì ní kí ẹlòmíràn sanwó rẹ̀.

Agbaṣẹ́ṣe tó lọ náà lè padà wá béèrè owó iṣẹ́ tó ti ṣe. Ìdájọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò máa ń tọ́ka sí lórí èyí ti pẹ́: Sumpter àti Hedges, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1898. Sumpter gbà láti kọ́ ilé méjì àti ilé ẹṣin fún £565. Ó ṣe iṣẹ́ tó tó £333, owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀. Hedges fúnra rẹ̀ ló parí rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní Sumpter kò lè gba owó iṣẹ́ tó pa tì, nítorí Hedges kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó parí ohun tó ti wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Hedges ní láti san owó àwọn ohun ìkọ́lé tí Sumpter fi sílẹ̀ nílẹ̀ tí òun sì lò, nítorí ó lè yàn láti má lò wọ́n. Onílé tó bá fẹ́ lo irin àti búlọ́ọ̀kù tó bá nílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ iye wọn sílẹ̀.

Ní Èkó, ilé-ẹjọ́ fún gbèsè kéékèèké wà láti 2018 lábẹ́ àwọn májísíréètì, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù náírà 5 lọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó dájú, bíi mílíọ̀nù 2 tí wọ́n gbà fún fèrèsé tí wọn kò gbé wá. Ìṣírò àdánù irú ti òkè yẹn kò bá a mu. Onílé yóò kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè owó ránṣẹ́ lórí fọ́ọ̀mù tí ilé-ẹjọ́ là sílẹ̀, ìgbẹ́jọ́ sì yẹ kó parí láàárín 60 ọjọ́. Bí àwọn méjèèjì bá ṣì lè jókòó sọ̀rọ̀, Citizens' Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó ń parí aáwọ̀ láìgba owó. Àdéhùn tó bá ní kí onídàájọ́ tí àwọn méjèèjì yàn (arbitrator) dá ọ̀rọ̀ náà lẹ́jọ́ lè mú kí ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ dúró títí ìyẹn yóò fi wáyé.

Kí ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe tuntun tó kan ilé náà, ó yẹ kí onílé kọ lẹ́tà tó dá ọjọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ láti padà, kó sì mú Quantity Surveyor (ẹni tó ń ṣírò iṣẹ́ àti owó ìkọ́lé) tó forúkọ sílẹ̀ wá wọn iṣẹ́ tó ti parí. Bí wọ́n bá ti mọ búlọ́ọ̀kù tuntun lé ti àtijọ́, ó máa ṣòro láti mọ iṣẹ́ ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp àti fọ́tò jẹ́ ẹ̀rí tí ilé-ẹjọ́ ń gbà, pẹ̀lú ìwé ìjẹ́rìí tí abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 béèrè nípa fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti wá. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Houston tí gbogbo àdéhùn wọn wà lórí fóònù, tí wọ́n sì ń fowó ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n lè fi ìwé àṣẹ aṣojú yan ẹni tí yóò bójú tó ọ̀rọ̀ náà nílé. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 6 ni òfin fún ẹni tó fẹ́ pe ẹjọ́ lórí àdéhùn, a sì ń kà á láti ọjọ́ tí wọ́n yẹ àdéhùn náà.