Kí Dìkírì Má Wọ Agbádá Padà Wá



Àwọn kan ń bi wá pé: "Kí lẹ̀yin alátakò ń bẹ̀rù? Ẹ jẹ́ kí Ààrẹ pàṣẹ, kí iṣẹ́ yá!" Ẹ jẹ́ n sọ ti Bràsíìlì fún yín.

Ológun gbé ìjọba sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1985. Ìwé òfin ọdún 1988 wá gba Ààrẹ láyè láti pa àṣẹ tí yóò di òfin lójú ẹsẹ̀. Nígbà náà, bí ilé aṣòfin ò bá fọwọ́ sí i láàárín 30 ọjọ́, ó kú nìyẹn. Àmọ́ bó bá ti kú, Ààrẹ a tún gbé e jáde bí ẹni pé tuntun ni!

Lọ́jọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 1990, Fernando Collor ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọjọ́ kan lórí àga ni. Ó pàṣẹ pé ohun tó bá lé lórí 50,000 nínú owó tí ẹnikẹ́ni fi sí báńkì ò gbọdọ̀ jáde fún oṣù 18. Ó ní òun fẹ́ fi pa ọ̀wọ́n gógó ni. Owó òwò há, owó ilé há. Ilé aṣòfin tó yẹ kó kọ̀, òun ló tún fọwọ́ sí i.

Ọdún 2001 ni wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé Ààrẹ ò gbọdọ̀ fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé owó tí mẹ̀kúnnù fi pamọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Àwa náà mọ dìkírì ológun. Torí náà, bẹ́ ẹ bá dìbò fún Ààrẹ tán, ẹ má fojú kékeré wo ìbò ilé aṣòfin. Ẹni tó lè wo Ààrẹ lójú kó ní "rárá" ni kẹ́ ẹ rán lọ. Ẹgbẹ́ wa ní irú wọn. Ire o!