Oògùn Àyà Títa: Ẹ Jẹ́ Kí Á Lò Ó Bí Ó Ti Yẹ

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùtọrẹ sọ níbi ìpàdé

  



Ọ̀rọ̀ sàká ni a sábà máa ń bá ara wa sọ níbí. Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí sàká. Nígbà tí a bá ń pín oúnjẹ fún àwọn opó, kò ṣọ̀wọ́n kí ìyá kan sọ pé àyà ń ta òun, oúnjẹ kì í sì í dà fún òun, pé oògùn funfun inú ìgò ni òun fi ń gbé e láti oṣù mélòó kan. Èyí ń kọ mí lóminú, nítorí ìyá náà nìkan ló kù fún àwọn ọmọ òrukàn yẹn.

Omi kíkan kan wà nínú ikùn tí ó ń mú kí oúnjẹ dà. Bí ó bá gòkè sí ọ̀nà ọ̀fun, àyà yóò máa ta wá. Mist Mag àti irú rẹ̀ ń pa kíkan náà, ara á sì tù wá. Ṣùgbọ́n wọn kì í wo ọgbẹ́ inú tí ó bá wà nísàlẹ̀. Kòkòrò Helicobacter pylori wà lára ohun tí ń fa ọgbẹ́ yìí. Àwọn oníṣègùn Australia méjì tí wọ́n ṣàwárí rẹ̀, Barry Marshall àti Robin Warren, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Oògùn tí dókítà bá kọ ni í pa á. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Nítorí náà:

1. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́. Ẹ mi ìgò dáadáa, ẹ má sì mu ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀.

2. Bí ẹ bá ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ara kò yá, ẹ lọ rí dókítà.

3. Ẹ má mu ún pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀, tetracycline tàbí ciprofloxacin, nítorí kì í jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Ẹ fi wákàtí méjì ó kéré tán sí àárín wọn; ẹ bi apòògùn, nítorí òmíràn ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

4. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn kíndìnrín tàbí oyún, kí ó kọ́kọ́ bèèrè. Sodium tí ó wà nínú iyọ̀ wà nínú Mist Mag, ó sì wà nínú káún.

5. Ẹ má fún ọmọdé láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.

6. Aspirin àti ibuprofen tí a ń lò fún ara ríro lè dá ọgbẹ́ sí inú. Ẹni tí àyà ń ta, kí ó sọ fún dókítà pé òun ń lò wọ́n.

Ẹni tí ó bá bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tí ó ń rù, tàbí tí oúnjẹ ń há a lọ́fun, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí àyà bá ń fún ènìyàn pinpin, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí òógùn sì bò ó, ó lè jẹ́ ọkàn ni. Kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Nínú Ràmàdánì, ẹ má fi àkàrà àti dòdò kún ikùn nígbà ìṣínu, ẹ má sì dùbúlẹ̀ ní kété tí ẹ bá jẹ sààrì tán. Ẹni tí dókítà bá ní ààwẹ̀ yóò pa lára, Ṣàríà ti yọ̀ǹda fún un.

Ẹ̀yin olùtọrẹ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn àjẹkù sínú àpò ẹ̀bùn mọ́. Ẹ fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, kí a lè fi san owó àyẹ̀wò fún àwọn ìyá wọ̀nyí. Tálákà àti aláìní ni ó ṣíwájú nínú àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí nínú Súrà Taobah, áyà 60. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ìyá kan pẹ́ láyé fún àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣe ìtọ́jú ọmọ òrukàn.

Kí Allāhu gba sàká wa, kí Ó sì wo àwọn aláìsàn wa sàn. Āmīn.